Orin Tí Àlàájà Fawziyya Kò Jẹ́ Kó Parí

Kò sí ọmọ Yorùbá kan ní Jeddah láyé ìgbà náà tí kò gbọ́ pé wọ́n ti gbé irinṣẹ́ orin olóògbé Dókítà Abdulateef lọ sin rí. Ó yẹ ká tún ìtàn náà sọ bó ṣe rí gan-an, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ ní àdúgbò Al-Sharafiyah ti fi iyọ̀ sí i jù. Wọn kò sin ín. Wọn kò sì kírun sí i lára. Ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú ni wọ́n ti dá wọn dúró.

Èyí tó jẹ́ òótọ́ nìyí. Lọ́dún 1994, Dókítà fẹ́ gbé sẹ́lò rẹ̀ láti Jeddah lọ sí Mẹ́kà, sí ilé ìyá arúgbó kan, Àlàájà Fawziyya, ní àdúgbò Al-Hujun. Ẹbí fáólìn ni sẹ́lò, ṣùgbọ́n ó tóbi tó ọmọ tó ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́, orí ìjókòó ni wọ́n ń fà á, láàárín orúnkún méjèèjì. Àpótí rẹ̀ ti fọ́ nínú bàálù. Dókítà kò sì fẹ́ gbé irinṣẹ́ orin kọjá ní gbangba nílùú mímọ́, ni ìyàwó rẹ̀, Ruqoyyah, bá fi aṣọ ibùsùn funfun wé e. Ó wé e dáadáa. Ó dì í lókùn lọ́rùn, ó dì í láàárín, ó dì í nísàlẹ̀. Nígbà tó parí, ó wò ó, ó ń ṣe é bíi pé ó ti rí irú ẹrù yìí níbì kan rí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ń fun fèrè níta.

Orí òkè ni ilé Àlàájà Fawziyya wà, ọkọ̀ kò lè dé ibẹ̀. Ẹnjiníà Mojeed, ọ̀rẹ́ Dókítà, ní kí ọrùn sẹ́lò má baà kán, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí pákó kan, kí àwọn méjèèjì gbé e lé èjìká. Wọ́n gbé e lé èjìká. Ìgbà náà gan-an ni àwọn èèyàn ń tú jáde láti ibi ìrun Àlàásárì.

Ní Mẹ́kà, ọkùnrin kì í béèrè ẹni tó kú kó tó bá wọn gbé òkú. Á sáré bọ́ sábẹ́ pákó, á gbé e fún ìṣísẹ̀ díẹ̀ nítorí láádá, á sì yọ̀ǹda àyè fún ẹlòmíràn. Ọkùnrin kan ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wá, ó gba èjìká Mojeed. Òmíràn gba ti Dókítà. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, pákó náà ti ń lọ níwájú láìsí wọn, láti èjìká dé èjìká, gbogbo ọ̀nà ń ṣe lā ilāha illallāh, wọ́n sì ti kọrí sísàlẹ̀, sí ìhà itẹ́ òkú.

"Ẹ dúró!" Dókítà ń sáré tẹ̀ lé wọn. "Kì í ṣe òkú! Sẹ́lò ni!"

Àgbàlagbà kan tó ti gbọ́ tí Mojeed ń pè é ní Dókítà gbá a mọ́ra. "Ṣe sùúrù, yā duktūr. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Sẹ́lò!"

"Kí Ọlọ́run kẹ́ Sẹ́lò," ni gbogbo wọn dáhùn.

Ruqoyyah wà lẹ́yìn, ó bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. Àwọn obìnrin méjì tí kò mọ̀ ọ́n rí dì í lápá mú, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gba kádàrá.

Ìgbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ni pákó yẹ̀, nǹkan kan sì kérora lábẹ́ aṣọ funfun náà. Ohùn náà gùn, ó rẹlẹ̀, ó dà bíi ti ọkùnrin àgbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lójú oorun. Àwọn tó gbé e gbọ́ ọ nínú egungun èjìká wọn kí wọ́n tó gbọ́ ọ létí. Ẹ̀rín pa mọ́ Ruqoyyah lẹ́nu. Òun ló ń gbọ́ sẹ́lò yẹn lójoojúmọ́, kò sì gbọ́ kó dún bẹ́ẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e lọ síwájú, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀.

Baba tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú jáde wá. Ó gbé etí lé aṣọ náà, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Ó wá wo Dókítà láti òkè délẹ̀.

"Yā duktūr," ó ní, "ṣé ìwọ lo yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó ní ó kú?"

Ọmọ Ìwó ni Dókítà Abdulateef. Iṣẹ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn ni láti fún àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ní oògùn oorun. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ kan náà ló ń fi sẹ́lò ṣe.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló ti kọ́ ọ nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Nígbà tó dé Jeddah, ó rí i pé àwọn èèyàn wa ń ti ibi iṣẹ́ lọ sílé, wọ́n ń ti ilé lọ síbi iṣẹ́, ó sì pinnu pé ohun tí wọ́n ṣaláìní ni orin ìyẹ̀wù. Orin ìyẹ̀wù ni orin tí èèyàn mẹ́rin ń fi irinṣẹ́ olókùn ṣe nínú yàrá, láìsí ẹni tó ń kọrin, láìsí ìlù. Bí ẹnì kan bá sì béèrè bí wọ́n ṣe ń jó o, Dókítà á ní ìbéèrè yẹn kò tọ̀nà, kí ó tún un bi.

Ruqoyyah ló ń ta fáólìn kejì, ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Mojeed ń ta fíólà, fáólìn tó sanra díẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń gbóhùn rẹ̀. Fáólìn àkọ́kọ́ jẹ́ ti Yazeed, ọmọ-ọmọ Àlàájà Fawziyya, tí wọ́n bí sí Mẹ́kà, tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Al-Ammariyah ní Jeddah, tó sì máa ń lọ ta á níbi ìgbéyàwó. Kamanja ni Yazeed ń pe fáólìn, ní Lárúbáwá. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a kó sínú ọkọ̀ Mojeed, wọn a lọ bá àwọn èèyàn nínú pálọ̀ wọn, wọn a ti fèrèsé, wọn a bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kàn máa gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ẹbí," Dókítà á máa ṣàlàyé. "Fáólìn àkọ́kọ́ ni ìyàwó tó ní ẹjọ́ láti rò. Fáólìn kejì ni àbúrò rẹ̀ tó ń gbè é lẹ́yìn. Fíólà ni àna tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè."

"Sẹ́lò ńkọ́?"

"Bàálé ilé ni. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Ruqoyyah nìkan ló mọ̀ pé irọ́ ńlá ni ti ìkẹyìn yìí.

Ilé ìwòsàn fún wọn nílé tuntun. Dókítà kọ̀ ọ́, ó ní àjà rẹ̀ kúrú, ohùn á máa forí gbá a. Ilé àtijọ́ kan ní Al-Ammariyah ló lọ háyà, ilé gíga tí wọ́n fi òkúta inú òkun kọ́, tó ní fèrèsé onígi gbígbẹ́ tó yọ síta bí àpótí. Yàrá òkè pátápátá ti wà ní títì láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Àwọn aládùúgbò sọ fún Ruqoyyah pé ilé náà ní àwọn tó ni ín, wọn kì í sì í ṣe èèyàn.

"Ṣé wọ́n ń pariwo?" Dókítà bi ìyàwó rẹ̀.

"Wọ́n ní wọn kì í pariwo."

"A jẹ́ pé a ó mọwọ́ ara wa. Ká ránṣẹ́ pe àwọn ará Al-Sharafiyah kí wọ́n wá kọ́ ìwà lọ́dọ̀ wọn."

Láàárọ̀ Jímọ̀ kan, Dókítà fa okùn sẹ́lò tó nípọn jù. Láti òkè, nínú yàrá títì náà, ohùn kan náà dáhùn. Ó kéré, ó sì pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tirẹ̀, bí ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ sọ kó má baà gbàgbé. Ruqoyyah gbé fáólìn rẹ̀ kalẹ̀.

"Igi ni," Dókítà ní. "Ohùn sẹ́lò ló ń mi igi fèrèsé òkè. Má pè é ní àlùjànnú, kò tọ̀nà."

Ruqoyyah gbà á gbọ́, nítorí dókítà ni. Láti ọjọ́ náà, bí Dókítà bá ti fa okùn yẹn, òkè á dá a lóhùn. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó láti bẹ̀rẹ̀, Dókítà gbé ọ̀pá tó fi ń fa sẹ́lò sókè, kò tíì kan okùn. Ohùn náà dún lókè.

Atẹ́gùn kò fẹ́. Eruku díẹ̀ bọ́ láti àjà, ó bà lé orúnkún Ruqoyyah. Yazeed ń ka āyat al-kursī lábẹ́lẹ̀. Mojeed ti dìde, ó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀.

Dókítà gbójú sókè bí olùkọ́ tó ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó já fáfá. "Ó yá jù," ó ní. "Àmọ́ ẹ rí i pé ó ti mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ní Al-Sharafiyah, pálọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wa kan ni wọ́n lọ, lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fowó ránṣẹ́ sílé. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, télọ̀ kan tó ń jẹ́ Uthman nawọ́.

"Àlàájì Dókítà, ta ló ṣe orin yìí?"

"Òyìnbó kan ni. Ó ti kú tipẹ́tipẹ́."

"Òkú ni?"

"Òkú ni."

"Ohun tí òkú náà ní kẹ́ ẹ ṣe lẹ sì ń ṣe?"

"Bó ṣe wí i gẹ́lẹ́. Bó bá ní ká rọra, a ó rọra. Bó bá ní ká dákẹ́, gbogbo wa á dákẹ́."

Àwọn tó wà níwájú sún ẹní wọn sẹ́yìn. Uthman tún nawọ́. "Ṣé ẹ máa ń gbóhùn rẹ̀?"

"Bí mo bá fà á dáadáa," Dókítà dáhùn pẹ̀lú òótọ́ inú, "ó máa ń dà bíi pé ó jókòó tì mí."

Mojeed ní ó ti tán, kò sẹ́ni tó tún máa wá mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà lọ, pálọ̀ kún débi pé kò sí àyè ẹsẹ̀. Olúkúlùkù gbé ike omi zamzam dání, gbogbo wọn sì fẹ́ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ibi kan wà tó ń dun Dókítà, Ruqoyyah nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Orin náà ní apá mẹ́rin. Apá kan á parí, wọn a dákẹ́ díẹ̀, wọn a bọ́ sí èkejì. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń gbé orin kiri, kò sẹ́ni tó gbọ́ kọjá apá àkọ́kọ́ rí. Àwọn èèyàn wa kò lè rí ìdákẹ́jẹ́ nínú àpèjọ kí wọ́n má fi àdúà dí i. Bí àdúà bá sì ti parí, oúnjẹ ló kù.

"Apá kẹrin yẹn, Ruqoyyah," ó sọ fún un nínú ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan, lójú ọ̀nà láti Mẹ́kà. Kò ṣẹ̀fẹ̀. "Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá lè bá mi débẹ̀, mo ti ṣe ohun tí mo wá ṣe."

Ẹni tí ó fọkàn sí ni Àlàájà Fawziyya. Bàbá bàbá rẹ̀ ló fẹsẹ̀ rìn láti Ìlọrin wá ṣe Hájì, tí kò padà. Yorùbá àtijọ́ ni ìyá náà ń sọ, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ á sì máa fi Lárúbáwá dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn apá àkọ́kọ́ tó o. Á dijú, á mi orí. Àmọ́ bí Yazeed bá ti gbé ọwọ́ kúrò lára okùn, ìyá á ní: "Jazākallāhu khayran. Al-Fātiha!" Ó tán nìyẹn.

Dókítà lọ bá a dúnàádúrà.

"Apá mẹ́rin ló ní, Àlàájà."

"Ẹyọ kan ti tó, ọmọ mi. Ó dùn."

"Ẹyọ kan kò tó. Ṣé ẹ lè kí rákáà kan nínú Àlàásárì kẹ́ ẹ dìde?"

"Astaghfirullāh! Má fi ìrun wé e. Ó dáa, mo gba méjì."

"Mẹ́rin."

"Méjì àbọ̀. Wallāhi, ìrẹsì ò ní dúró dè wá jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Àlàájà, kì í ṣe aṣọ la ń ná!"

"Ìwọ lo ń kiri ẹ̀ wá sílé mi bí aláṣọ."

Wọ́n parí ẹ̀ síbi pé ẹnikẹ́ni kò ní ṣàdúà títí Dókítà fúnra rẹ̀ yóò fi dìde. Ìyá búra. Lọ́jọ́ náà, apá àkọ́kọ́ parí, ilé pa rọ́rọ́, ẹnikẹ́ni kò mira. Inú Dókítà dùn. Òógùn bò ó lójú, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nù ún láti iwájú orí dé àgbọ̀n, bí Mùsùlùmí ti ń ṣe lópin àdúà. "Āmīn!" ni gbogbo ilé, wọ́n nujú, wọ́n gbé àwo jáde. Òun nìkan ni kò mọ̀ pé òun ti ṣàdúà ìparí.

Lọ́jọ́ mìíràn, ó ní àwọn kò ní sinmi rárá láàárín apá kan sí èkejì. Ìyẹn ìbá ti bọ́ sí i, ṣùgbọ́n Mojeed pẹ́ dé. Apá kejì kò tíì gbérasọ tí wọ́n fi pe ìrun Màǹgàríbì, gbogbo ilé dìde, Dókítà pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn ìrun, ìrẹsì.

Báyìí ló ṣe ń lọ títí ó fi kú. Lọ́dún 1997, nínú oṣù Ṣábánì, ó kírun Àílà, ó jókòó sórí àga rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ruqoyyah gbé sẹ́lò sí igun yàrá. Àwọn kan ní ó ń dún fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ikú olówó rẹ̀. Kì í ṣe òótọ́. Ohun tó ba Ruqoyyah lẹ́rù ni pé kò sí ohun tó dún mọ́. Yàrá òkè dákẹ́. Ó máa ń dúró nídìí àtẹ̀gùn ní ọ̀sán gangan, á tẹ́tí, ilé náà á sì dà bí ilé tí àwọn tó ni ín ti kó lọ.

Orí ìwé ọkọ rẹ̀ ni ìwé ìgbélùú tirẹ̀ wà, ó di dandan kó máa lọ sílé. Ohun tó ń rò bó ṣe ń di ẹrù ni pé ọkùnrin náà sa gbogbo agbára rẹ̀, kò sì sẹ́nì kankan tó bá a débẹ̀. Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni Àlàájà Fawziyya ti pè é lórí tẹlifóònù.

"Ruqoyyah, ọkọ rẹ fi nǹkan sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi."

"Kí ni, Àlàájà?"

"Orin yẹn. Bí mo bá ti kí Àlàásárì tán, á bẹ̀rẹ̀. Nínú orí mi ni o, kì í ṣe létí. Á máa lọ, á máa lọ, á dé ibi tí mo ti máa ń ṣàdúà, khalāṣ, ó tán. Á dúró síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò ní kó wọlé. Mo ṣàdúà, kò lọ. Mo jẹun, kò lọ. Ọmọ-ọmọ mi, Rawan kékeré, ń kọ ọ́ nídìí abọ́ fífọ̀, ibì kan náà lòun náà ń dúró, á wá máa wò mí."

"Ọ̀rọ̀ yín ń bà mí lẹ́rù, Àlàájà. Ẹ ti fi tó dókítà létí?"

"Dókítà ló fà á!" ìyá pariwo. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Ẹ wá parí ẹ̀. Mi ò mọ ibi tó ń lọ."

Mojeed ní kò ṣeé ṣe, ó ní orin náà láìsí sẹ́lò dà bí ilé tí kò nílẹ̀. Ruqoyyah ní kó gbé ọkọ̀ jáde.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé Al-Hujun, kété lẹ́yìn Àlàásárì. Wọ́n to àga mẹ́rin, àwọn mẹ́ta jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí Ruqoyyah fi rí ohun tó mú kí irun ọwọ́ rẹ̀ dìde. Níbi tó yẹ kí sẹ́lò wọlé, tí àlàfo sì ṣí sílẹ̀ nínú orin, gbogbo ojú tó wà nínú yàrá yí sí àga òfìfo náà, lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ẹni tó sọ fún wọn. Ó tún kàn án, wọ́n tún yíjú sí i. Ìyá arúgbó, àwọn ọmọ, Rawan kékeré, kò sẹ́ni tó ṣì í. Ruqoyyah ti rò tẹ́lẹ̀ pé wọn kì í gbọ́, pé oúnjẹ ni wọ́n ń dúró dè. Àṣé wọ́n ti mọ ọkọ rẹ̀ sórí.

Apá àkọ́kọ́ parí. Yazeed gbé ọwọ́ kúrò lára okùn. Òórùn ìrẹsì ń bọ̀ láti kíṣìnì, ilé náà sì dákẹ́ débi pé wọ́n gbọ́ tí ìdérí ìkòkò ń mì.

"Khalāṣ?" Rawan béèrè.

"Lā," ni ìyá náà wí, ó tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ orí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Dákẹ́. Ó kù."

Wọ́n bọ́ sí apá kejì, ibi tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò dé rí. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó yẹ láti wo àga mọ́. Ojú Ruqoyyah nìkan ló ń lọ síbẹ̀, àwọn yòókù sì ń wo ojú Ruqoyyah. Wọ́n la apá kẹta kọjá. Mojeed ṣì í, ó tún un ṣe, ó jọ pé ó ń retí ìbáwí. Apá kẹrin sáré, ó gùnkè, ó yí po, ó sì dúró.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí.

"Ó ti parí?" Àlàájà Fawziyya béèrè.

"Ó ti parí, Àlàájà."

"Ibẹ̀ ló ń lọ láti ọjọ́ yìí?"

"Ibẹ̀ ni."

Ìyá náà ṣí ẹnu, ẹ̀rín ló ti ibẹ̀ jáde. "Ọmọ yẹn ń ti Jeddah bọ̀ lọ́dọọdún kó lè mú mi dé ibi tó dáa báyìí, kò sì sígbà tó dé tí mi ò fi ìrẹsì dí i lọ́nà!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mojeed bọ́ awò ojú rẹ̀. Ruqoyyah rẹ́rìn-ín títí ó fi tẹrí ba lórí fáólìn rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó gbé orí náà sókè. Ẹ̀rín náà rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìgbà náà ni Àlàájà Fawziyya tẹ́wọ́. Ó pe Abdulateef lórúkọ, ó pe bàbá rẹ̀, ó pe ìyá rẹ̀. Àdúà náà gùn, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró.